Etí Ilẹ̀ Kì í Ṣe Ojú Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní Èjìgbò

    

Mo rí i tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín nígbà tí alága ka àkòrí ọ̀rọ̀ mi. Wọn kò jẹ̀bi. Akọ̀ròyìn ni mí. Mass Communication ni mo kà ní Pólì, ẹ̀yin tí a jọ jókòó ní kíláàsì sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni ẹ máa ń wá bá tí iṣẹ́ ìṣirò bá le. Kí ló wá pa akọ̀ròyìn pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò àwọn ọmọ pírámárì?

Ilẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe máa ń gbé mi dé kóòtù ìbílẹ̀, ó ń gbé mi dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì ń gbé mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ẹbí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo ń bá pàdé níbẹ̀ lemọ́lemọ́. Bí mo bá sì fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà dé ìdí, mo máa ń rí i pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni olè jíjà. Nínú òmíràn, ẹni tó ta ilẹ̀ kò mọ ohun tó tà, ẹni tó rà kò mọ ohun tó rà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwé. Wọ́n ti kọ́ ọ ní pírámárì, wọ́n tilẹ̀ gba máàkì lórí ẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò kàn kúrò lójú pátákó ni.

Ohun méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí. Bí ọmọ bá ti ń dé àárín pírámárì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ohun méjì tí àwọn tíṣà ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pè ní “perimeter” àti “area”. Àkọ́kọ́ ni gígùn ìrìn tí a ó rìn tí a bá gba etí nǹkan yí i ká títí a ó fi padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni bí ojú nǹkan náà ṣe fẹ̀ tó, ìyẹn iye ohun tí a ó tẹ́ sí i kí ó tó bò tán.

Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì, ó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́. A ní etí odò, etí aṣọ, etí àwo. A ní ojú ilẹ̀, ojú ọjà, ojú agbada. Etí la ń gbà yí nǹkan ká. Ojú la ń tẹ́ nǹkan sí. Ìyá tó fẹ́ kí wọ́n fi léèsì gbá etí ìró òun yóò wọn etí. Tó bá sì fẹ́ mọ iye aṣọ tí ìró náà yóò gbà, ojú ló máa wọ̀n. Kò sí aránṣọ tí yóò ṣi ọ̀kan mú fún ìkejì, nítorí pé ojú ẹsẹ̀ ni owó rẹ̀ yóò jó. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Pírámárì Karùn-ún léèrè ìyàtọ̀ wọn. Ó lè dáhùn pé, “Ọ̀kan, a máa ń ro ó pọ̀, ìkejì, a máa ń sọ ọ́ di púpọ̀.” Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ń ṣe nínú ìwé ló sọ, kò tíì sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Ebè àwọn bàbá wa

Ìlú oníṣu ni ìlú wa. Àwọn àgbà tilẹ̀ ń sọ fún wa pé ara iyán jíjẹ ni orúkọ òrìṣà Ògìyán, tí ọba wa ń fi ṣe oyè, ti jáde. Ìlú tó bá ń jẹ iyán báyìí kò lè ṣaláìmọ ebè kíkọ. Ọ̀nà wo ni àwọn bàbá wa ń gbà wọn oko iṣu? Ebè ni wọ́n ń kà. Igba-igba ebè ni wọ́n ń gbé fún alágbàṣe, iye igba tó bá kọ ni wọ́n ń san owó lé lórí.

Ẹ fojú inú wo alágbàṣe kan tó kọ ìlà mẹ́wàá, tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ogún ebè. Ogún lọ́nà mẹ́wàá, igba nìyẹn. Èyí gan-an ni tíṣà ń kọ́ ọmọ tó bá ní kí ó fi gígùn sọ ìbú di púpọ̀. Bàbá tí kò ka ìwé rí ń ṣe é lóko.

Ẹ wá jẹ́ ká ka ebè tó wà ní etí oko yẹn nìkan. Ìlà gígùn méjì jẹ́ ogójì. Ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjèèjì ku mẹ́jọ-mẹ́jọ, ẹẹ́rìndínlógún nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 56. Ó dáa. Alágbàṣe kejì kọ ìlà 15, ebè 15 sì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka etí tirẹ̀, 56 náà ni. Ẹnì kẹta kọ ìlà márùn-ún péré, ṣùgbọ́n ìlà kọ̀ọ̀kan gùn tó ebè 25. Ẹ ka etí rẹ̀ wò, 56 kan náà ni ẹ ó bá.

Etí oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ẹ wá ka ojú wọn. Ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 200. Ti ẹnì kejì jẹ́ 225. Ti ẹnì kẹta jẹ́ 125. Tí olóko bá sọ pé òun kàn máa rìn yí oko ká, kí òun sì san iye owó kan náà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣé ẹ rí i pé ìjà ti dé? Àgbẹ̀ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé etí kì í ṣe ojú. Àwa tí a ka ìwé ni a ń gbàgbé.

Kì í ṣe àwa nìkan

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará oko Èjìgbò nìkan ni mò ń sọ o. Ọkùnrin Gíríìkì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Polybius, tó kọ ìtàn ní ohun tó lé ní 2,100 ọdún sẹ́yìn. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ìlú méjì tí odi wọn bá gùn dọ́gba gbọ́dọ̀ tóbi dọ́gba. Ó mú Sparta àti Megalopolis ṣe àpẹẹrẹ. Bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀nà nígbà náà, odi Megalopolis jẹ́ 50, ti Sparta jẹ́ 48. Síbẹ̀ Sparta, tí odi tirẹ̀ kúrú, fi ìlọ́po méjì tóbi ju Megalopolis lọ. Ohun tó sọ pé ó fà á ni pé àwọn ènìyàn ti gbàgbé ìṣirò ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní kékeré. Ẹ̀yin tíṣà wa, ṣé ẹ gbọ́ iṣẹ́ yín lẹ́nu bàbá náà?

Òmíràn ni Proclus, tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 1,500 ọdún sẹ́yìn. Òun sọ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọgbọ́n yìí rẹ́ ẹnìkejì wọn jẹ nígbà tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀. Wọn á gbé ilẹ̀ tí etí rẹ̀ gùn fún ẹnìkejì, wọn á fi èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ṣe tiwọn, ènìyàn á sì tún máa yìn wọ́n pé olóòótọ́ ni wọ́n. Ọgbọ́n àgbàlagbà ni, kò tíì kú.

Ilẹ̀ 120 nípa 30

Ẹ jẹ́ kí n padà wá sílé. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé kò sí agboolé kan ní Èjìgbò tí kò ní ẹni kan ní Ivory Coast. Àwọn ará wa ń ṣòwò níbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú owó, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ wá sílé kí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bá wọn ra ilẹ̀. Ìbátan mi obìnrin kan wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ta ọjà kó tó kó owó pulọ́ọ̀tì kan jọ.

Ẹni tó bá a rí ilẹ̀ náà sọ fún un lórí fóònù pé kó fọkàn balẹ̀. Ó ní, “Pulọ́ọ̀tì 50 nípa 100 tí gbogbo ènìyàn ń rà, tí ẹ bá rìn yí i ká, ẹsẹ̀ bàtà 300 ni. Eléyìí náà, ẹsẹ̀ bàtà 300 ni. Bákan náà ni wọ́n rí.” Irọ́ kọ́ ló pa, 300 ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 120, ó sì fẹ̀ ní 30 péré.

Ẹ bá mi ṣe é. Àádọ́ta lọ́nà ọgọ́rùn-ún jẹ́ 5,000. Ọgọ́fà lọ́nà ọgbọ̀n jẹ́ 3,600. Ẹsẹ̀ bàtà 1,400 ti fò lọ. Ẹ má rò pé ó kéré o. Ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, tó fẹ̀ ní 35, yóò jókòó lórí 1,400 yẹn, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ á sì máa gbé inú rẹ̀. Owó ilé odindi ni ó san, tí kò rí ilẹ̀ rẹ̀.

Ọgbà náà kò tilẹ̀ dín kù ní owó. Búlọ́ọ̀kù wa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 300 yóò gba igba búlọ́ọ̀kù ní ìlà kan, tí a kò bá tíì yọ ẹnu géètì. Ìlà mẹ́jọ jẹ́ 1,600. Iye kan náà ni yóò fi mọ odi yí 3,600 ká, tí ẹlòmíràn fi mọ odi yí 5,000 ká. Tí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ 75 nípa 75 ni, 1,600 búlọ́ọ̀kù kan náà ni yóò yí 5,625 ká.

Àgbà káfíńtà kan tí wọ́n pè wá wo ibi tí òrùlé máa gbà ló tú àṣírí náà. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ìbú ilẹ̀, ó mi orí, ó ní, “Ta ló ra ọ̀nà fún yín?” Ọ̀rọ̀ náà kò dé kóòtù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ẹbí ni wọ́n ti parí rẹ̀, owó díẹ̀ ni wọ́n sì rí gbà padà. Mo bi àbúrò tó dúró gba ilẹ̀ náà pé ṣé kò kọ́ èyí nílé ìwé ni. Ó ní, “Bùrọ̀dá, mo kọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n ń sọ nìyẹn ni.”

Gbólóhùn yẹn ló gbé mi dé iwájú yín lónìí.

Ohun tí tíṣà lè ṣe pẹ̀lú okùn àti àpò ìrẹsì

Mo mọ ohun tí àwọn tíṣà tó wà níjokòó yóò sọ. Ọmọ pọ̀ ní kíláàsì, àkókò kéré, ìjọba kò fún wa ní ohun èlò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi níí dárúkọ ohun kan tó wọ́n. Mo ti bá àwọn tíṣà pírámárì kan sọ̀rọ̀, mo sì ti jókòó wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo mú wá.

Ìkínní ni okùn. Ẹ ra okùn tó gùn tó 40 mítà, kí ẹ ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì so orí mọ́ ìdí. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde sí pápá. Ọmọ mẹ́rin yóò di igun mẹ́rin mú. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ nà án ní 10 nípa 10, lẹ́yìn náà 15 nípa 5, lẹ́yìn náà 18 nípa 2. Okùn kan náà ni, kò gùn sí i, kò sì kúrú. Ojú ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ń kọ́? Ọgọ́rùn-ún, 75, 36. Ẹ ní kí àwọn ọmọ tó kù wọ inú okùn náà lọ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá dé 18 nípa 2, wọn á máa fún ara wọn, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ara ọmọ náà ti gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ní kíláàsì.

Ìkejì ni àpò. Ẹ tú àpò ìrẹsì tó ti tán, ẹ rán an pọ̀, kí ẹ gé e ní mítà kan nípa mítà kan. Ẹ ṣe mẹ́wàá. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ kan ọ̀kan lára rẹ̀ kò tún ní béèrè ohun tí mítà onígun mẹ́rin jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tẹ́ ẹ ní ìlà méjì, márùn-ún-márùn-ún, kí wọ́n sì rìn yí i ká. Mítà 14 ni. Ẹ ní kí wọ́n tún un tẹ́ ní ìlà kan ṣoṣo. Mítà 22 ni ìrìn náà dà, bẹ́ẹ̀ àpò mẹ́wàá náà ni. Okùn kọ́ wọn pé etí lè dọ́gba kí ojú má dọ́gba. Àpò ń kọ́ wọn pé ojú lè dọ́gba kí etí má dọ́gba. Ọmọ tó bá mọ méjèèjì, ẹni tó máa rẹ́ ẹ jẹ lórí ilẹ̀ yóò jìyà díẹ̀.

Ìkẹta ni ewé. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ní igun mẹ́rin, pàápàá ilẹ̀ ẹbí tí odò tàbí pèrègún jẹ́ ààlà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ já ewé kan, kí ó tẹ́ ẹ lé ìwé ìṣirò alápòótí, kí ó fi pẹ́ńsù fa ìlà yí etí rẹ̀ ká. Kí ó ka àpótí tó wọlé pátápátá. Èyí tó bá wọlé tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kà á sí ọ̀kan. Èyí tí kò bá tó ìdajì, kí ó fò ó. Iye tó bá rí yóò súnmọ́ òótọ́. Fún etí rẹ̀, kí ó fi òwú yí i ká, kí ó wá na òwú náà sórí rúlà. Ẹ ní kí ó fi ewé ẹ̀gẹ́ wé ewé kókò. Ewé ẹ̀gẹ́ tó là bí ọwọ́ yóò fi etí gígùn yan kókò jẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò níí tó nǹkan kan.

Ìkẹrin ni yàrá. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya yàrá 10 nípa 10 sórí ilẹ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ bi àwọn ọmọ pé, tí bàbá yín bá ní kí wọ́n sọ ọ́ di 20 nípa 20, iye wo ni gbogbo nǹkan fi máa lọ sókè? Gbogbo wọn á pariwo pé, “Ìlọ́po méjì!” Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Etí kúrò ní 40, ó di 80. Ìlọ́po méjì ni, búlọ́ọ̀kù ògiri yóò di ìlọ́po méjì. Ojú kúrò ní 100, ó di 400. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀, sílíìnì àti táìlì yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ilé ránṣẹ́ láti òkèèrè, tí ẹ sì ń bínú sí bíríkìlà pé owó ògiri kò pọ̀ tó owó ilẹ̀, ẹ dárí jì í. Kò jalè nígbà yẹn, ìṣirò ni.

Mítà ni ilé ìwé, ẹsẹ̀ bàtà ni ọjà

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí tíṣà fò. Mítà ni ìwé ìṣirò ọmọ wa ń sọ. Mítà ni ìwé àwòrán sọ̀féyọ̀ ń sọ. Mítà náà ni àwọn ará wa ń gbọ́ ní Àbíjàn, nítorí pé ìlànà àwọn Faransé ni ibẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà ni ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní Èjìgbò, ní Ìfẹ́-Ọ̀dàn, ní Ìsúndúnrin ń pè. Inú àlàfo àárín méjèèjì ni ẹlẹ́tàn ń fara pamọ́ sí.

Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 àti díẹ̀. Nítorí náà, pulọ́ọ̀tì 50 nípa 100 jẹ́ nǹkan bíi mítà 15 nípa 30 àti ààbọ̀, ojú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 464 ní mítà onígun mẹ́rin. Èyí 120 nípa 30 jẹ́ nǹkan bíi 334. Ká ní ẹni tó wà ní Àbíjàn béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lórí fóònù, pé, “Mítà onígun mẹ́rin mélòó ni ojú rẹ̀?”, ọ̀rọ̀ ì bá ti yanjú kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi okùn wọn ohun kan náà ní mítà, kó sì tún fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n, kí ó mọ̀ pé orúkọ ló yí padà, ilẹ̀ kò yí padà.

Èdè wo la ó fi kọ́ wọn?

Mo fẹ́ kan ọ̀rọ̀ èdè, ẹ má bínú. Ẹ sọ “area” fún ọmọ Èjìgbò kan, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Àdúgbò ló gbọ́. Tó bá ti dé Èkó rí, àwọn èríà bọ́ìsì ló máa rántí. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé iye ẹní tó máa bo ilẹ̀ yàrá ni tíṣà ń béèrè? Bẹ́ẹ̀ náà ni tí a bá fi “àyíká” túmọ̀ ìkejì tí a kò ṣàlàyé, nítorí pé àyíká náà ni wọ́n ní kí ó máa gbá ní ọjọ́ ìmọ́tótó. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn etí àti ojú nìyẹn. Ọmọ ní méjèèjì lára, kò lè ṣì wọ́n mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n sì ti dán an wò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a wá ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ìwé St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn tó ń bẹ̀rù sọ pé àwọn ọmọ náà yóò rẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n wọn èsì, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Fafunwa fúnra rẹ̀ wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990.

Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo pírámárì. Ní 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. N kò wá ṣe òṣèlú níbí. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí òfin tó ní kí tíṣà má sọ pé “etí” àti “ojú” nígbà tí ó bá di okùn mú ní pápá. Kó sọ ọ́ ní Yorùbá títí yóò fi yé wọn, lẹ́yìn náà kó kọ́ wọn ní orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, nítorí ìdánwò. Ohun tó bá ti yé ènìyàn, orúkọ mélòó ni kò lè jẹ́ lẹ́nu rẹ̀?

Ohun tí ẹgbẹ́ wa lè ṣe

Ní ìpàdé báyìí, a máa ń dá owó géètì, a máa ń dá owó tánkì omi. Ó dára, ẹ jẹ́ ká máa ṣe é lọ. Àbá tèmi kéré. Kí ẹgbẹ́ wa fún ilé ìwé pírámárì kọ̀ọ̀kan tó yí wa ká ní okùn 40 mítà kan, téèpù onímítà 30 kan, àti àpò mẹ́wàá tí aránṣọ ti rán. Ẹ̀yin aránṣọ wà láàárín wa, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni fún yín.

Ìkejì, kí sọ̀féyọ̀, bíríkìlà, káfíńtà àti àgbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa yọ ọjọ́ kan péré ní táàmù, kí wọ́n lọ bá àwọn ọmọ náà ní pápá. Kì í ṣe láti sọ̀rọ̀ gígùn bí irú èyí tí mò ń sọ yìí o. Kí wọ́n kàn wọn nǹkan lójú wọn. Àgbẹ̀ tó bá fi ebè kọ́ ọmọ ní igba, ọmọ náà kò ní gbàgbé títí yóò fi darúgbó. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìntì náà, a ṣì nílò yín níbẹ̀, kí àwọn tíṣà ọ̀dọ́ lè rí bí ẹ ṣe ń mú kíláàsì dákẹ́ láìgbé pàṣán.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tó wà ní Pírámárì Kẹrin lónìí ni ẹ ó rán lọ gba ilẹ̀ fún yín ní ọjọ́ iwájú. Òun ni yóò dúró níbi tí ẹbí ti ń pín ogún. Òun ni opó kan yóò fi ojú wò láàárín àwọn ọkùnrin tó ń rìn yí oko ọkọ rẹ̀ ká, tí wọ́n ń sọ pé ó dọ́gba. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ọmọ yẹn yóò lè sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, etí ló dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká wo ojú.”

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ò ní fi ojú sunkún iṣẹ́ tí ẹ ṣe lórí wa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a ó tún rí ara wa ní ọdún tó ń bọ̀, a kò ní dín, a ó máa pọ̀ sí i ni. Kí Ọlọ́run bù kún ilé ìwé wa, kó sì bù kún Èjìgbò.